Yamaha Enduro 15 lọ́wọ́ ẹni tó ń dá tukọ̀: ibi tó dára sí, ibi tó kù sí, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnì fún ọkọ̀ pákó tàbí ọkọ̀ fáíbà kékeré, tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 18 lọ, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa gbé e lọ sójú ọ̀sà, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn oríṣi méjì ní èbúté. Àwọn kan á ní kó ra 40 (nọ́ńbà yìí ni agbára ẹṣin ẹ́ńjìnì), pé agbára kì í pọ̀ jù lójú omi. Àwọn mìíràn á ní kó ra four-stroke, ẹ́ńjìnì tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, pé epo ti wọ́n. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Fún ẹni tó ń dá tukọ̀, Yamaha Enduro 15, two-stroke (tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀), ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú (ẹsẹ̀ ni apá tó ń wọ omi), ni màá ní kó rà. Ẹ́ńjìnì yìí kò yára jù, kò sì mọ epo í ṣọ́ rárá. Àmọ́ bó bá kú sáàárín Ìkòròdú sí Èbúté Èrò, ẹnì kan ṣoṣo tó ní sípánà mélòó kan àti púlọ́ọ̀gì méjì nínú àpò lè tún un ṣe lórí ìjókòó, kó sì wálé.

Ohun tí ẹ ń rà nìyí: sílíńdà méjì, 246 cc, omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ló ń tù ú, okùn la fi ń fà á, ó ní jíà iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, táǹkì epo rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 36. Ẹ fi wé Enduro 40, tó jẹ́ 703 cc tó sì wúwo ju kìlógíráàmù 70 lọ, tàbí F15C, four-stroke ti Yamaha kan náà, tó jẹ́ 362 cc tó sì lé ní 50. Ìwọ̀n yìí ni mo kà sí jù. Ẹnì kan lè tú kìlógíráàmù 36 kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, kó gbé e léjìká, kó gbé e wọlé sùn, torí ẹ́ńjìnì tí a bá fi sílẹ̀ ní èbúté lóru, olè ló ni ín. Èyí tó lé ní 50 ń fẹ́ èèyàn méjì. Èyí tó lé ní 70 ń fẹ́ ọkùnrin mẹ́ta àti pákó tí kò yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó kù sí kó tó di pé a yìn ín. Ó ń mu epo. Bí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, yóò mu nǹkan bíi lítà 7 sí 8 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kò ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Four-stroke tó ní agbára kan náà kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Ó ń rú èéfín, ariwo rẹ̀ sì ń dí etí débi pé ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ kì í gbọ́ ọkọ̀ èrò tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ máa bojú wẹ̀yìn lóòrèkóòrè. Nítorí èéfín yìí ni wọn kì í fi í ta irú rẹ̀ ní tuntun mọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tí ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnì ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ti lò ni ẹ ó rí níbẹ̀, màá sì sọ ohun tí ẹ ó wò lára rẹ̀ níwájú.

Ọwọ́ ẹni tó ń wà á ló lè dín epo kù. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra, iwájú rẹ̀ á gbé sókè. Bó bá yá, iwájú á wálẹ̀, ọkọ̀ á wá máa sáré lórí omi. Bó bá ti débẹ̀, ẹ dá ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnì fi máa rọ̀, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò tíì rì padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú un dúró sí. Ìyàtọ̀ tó wà nínú iyara kò tó nǹkan, ìyàtọ̀ tó wà nínú epo sì pọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta sì ni ẹni tó ń dá lọ gbọ́dọ̀ pín epo rẹ̀ sí: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún atẹ́gùn, ìṣàn omi àti ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tí epo rẹ̀ kò bá tó mẹ́ta, kó má tíì lọ.

Àdàlú epo àti ọ́ìlì ló ń pa ẹ́ńjìnì yìí jù. Kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú bíi ti mọ́tò. Èyí tí a pò mọ́ pẹtiróòlù ló ń ra ara písítìnì, sílíńdà àti bẹ́ríìnì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 50 sí 1. Lítà 25 ń gba mílílítà 500, lítà 10 ń gba 200, lítà 5 ń gba 100. Bí ẹ́ńjìnì bá jẹ́ tuntun, wákàtí 10 àkọ́kọ́ jẹ́ ti 25 sí 1, ìyẹn lítà kan ọ́ìlì sínú lítà 25 epo, kí ẹ má sì fi ọwọ́ rẹ̀ dé òpin pẹ́ títí láàárín wákàtí wọ̀nyẹn. Ẹ ra ike tí wọ́n kọ mílílítà sí lára, torí ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n, ojú kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ẹ ó mọ̀: èéfín á pọ̀, púlọ́ọ̀gì á dúdú á sì rin, ẹ́ńjìnì á máa kọ́ bí ó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá kéré jù, kò ní ṣe àmì kankan fún yín. Á kàn máa lọ, ohùn rẹ̀ á tiẹ̀ dùn, títí písítìnì fi máa họ ara sílíńdà tí okùn kò ní ṣeé fà mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣiyèméjì nípa kẹ́ẹ̀gì kan, bóyá ẹ ti fi ọ́ìlì sí i tàbí ẹ kò tíì fi sí i, ẹ má gbé e lọ. Ẹ so okùn pupa mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti pò, kí ẹ má sì so ó mọ́ èyí tí ẹ kò tíì pò láéláé.

Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni ti ẹ́ńjìnì ojú omi. Àwọn kan máa ń ra èyí tí wọ́n ń tà fún ọ̀kadà two-stroke àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, torí pé ó rọjú. Atẹ́gùn ló ń tu àwọn ìyẹn, wọ́n ń gbóná gan-an, ọ́ìlì wọn sì ní ohun tó ń di eérú nínú. Ẹ́ńjìnì ojú omi ń mu omi tútù ní gbogbo ìgbà, kì í gbóná tó láti jó eérú yẹn dànù. Eérú náà á wá jókòó sára ríìngì písítìnì àti imú púlọ́ọ̀gì, ríìngì á lẹ̀, agbára á lọ. Bí a bá ń pò ó, ẹ bu epo dé ìdajì kẹ́ẹ̀gì, ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ tó da ìyókù sí i. Bí ọ́ìlì bá kọ́kọ́ wọlé, ìsàlẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́, epo tó lọ sínú ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀ á kún fún ọ́ìlì, ti ìrọ̀lẹ́ á sì gbẹ.

Ẹ wo epo náà fún omi kí ẹ tó pò ó rárá. Ẹ bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, á sì tò sísàlẹ̀ kedere. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ há sẹ́ ohun tí ẹ bá ń dà sínú táǹkì.

Nípa bíbẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnì, sùkúrúù afẹ́fẹ́ kékeré kan wà lórí ìdérí táǹkì. Ẹ tú u kí ẹ tó fa okùn. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ bó ti yẹ, á sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, á sì kú, torí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé rọ́pò epo tó jáde. Bí ẹ bá wo rọ́bà tí a fi ń fún epo, ẹ ó rí i pé ó ti fà mọ́ra, ó tẹ́. Àìmọye kábúrétọ̀ ni wọ́n ti tú palẹ̀ lójú omi lórí sùkúrúù yìí nìkan. Bí sùkúrúù bá ti tú, ẹ gbé rọ́bà náà dúró kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè, ẹ fún un títí yóò fi le lọ́wọ́. Bí kò bá le rárá, ó ń fa afẹ́fẹ́: ẹ wo ríìngì rọ́bà kékeré tó wà ní ẹnu háósì, níbi tó ti wọ ara ẹ́ńjìnì. Jíà sí àárín, ọwọ́ sí ojú START, ẹ fa ṣókì. Ẹ fa okùn jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi dì yín mú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá já a. Ẹ fi ọwọ́ darí rẹ̀ padà. Okùn tí a jù sílẹ̀ pé kó sá wọlé ló máa ń tètè já. Bí ó bá ti mu epo yó, tí ẹ sì ń gbóòórùn rẹ̀, ẹ ti ṣókì, ẹ yọ háósì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì kí ẹ nù wọ́n, ẹ fa okùn bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kí epo inú lè jáde, kí ẹ tó dá wọn padà.

Púlọ́ọ̀gì ń sọ ọ̀rọ̀. Bí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíríkì tàbí kọfí, ara ẹ́ńjìnì yá. Bó bá dúdú tó sì ń dán, ọ́ìlì ti pọ̀ jù tàbí pé ẹ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ jù fún ìgbà pípẹ́. Bó bá funfun, ẹ dúró, ẹ́ńjìnì náà ń gbóná jù tàbí epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Kábúrétọ̀ dídọ̀tí sábà máa ń fa èyí. Ẹ ra nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnì gan-an. Bí nọ́ńbà NGK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì, bá parí pẹ̀lú -10, àlàfo imú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.0.

Bí ẹ́ńjìnì bá ti dún, ohun tí ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ni omi tó ń tọ̀ jáde lára rẹ̀. Ó yẹ kó nípọn tó ọ̀pá bírò, kó máa jáde láì dáwọ́ dúró, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má retí aago ìkìlọ̀. Ojú yín ni aago. Ẹni tó ní ọmọ ọkọ̀ lè ní kí ó máa wò ó. Ẹni tó dá wà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di àṣà pé bí òun bá ṣe ń bojú wẹ̀yìn fún ọkọ̀ èrò, òun á wo omi yẹn náà. Bí kò bá jáde láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ pa á. Lójú ọ̀sà Èkó, ọ̀rá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀rá pure water kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé lókè prọ̀pẹ́là ti tó láti pa ẹ́ńjìnì. Gbòǹgbò ojú oró àti hyacinth, àwọn ewéko tó ń léfòó lójú omi, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò tí ìṣàn odò bá ti kó wọn wálẹ̀. Ẹ tẹ ẹ́ńjìnì náà sókè, ẹ ṣí ohun tó lẹ̀ kúrò, ẹ gbé e padà. Bí ẹnu ìsàlẹ̀ bá mọ́, ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi tọ ihò tí omi ń gbà jáde. Iyọ̀ gbígbẹ tàbí ilé agbọ́n kékeré lè dí i nígbà tí gbogbo inú yòókù dára. Bí ẹ bá ṣe méjèèjì tí omi kò tún wá, ìmpẹ́là, rọ́bà tó ń fa omi sókè, ni. Ẹ mú àjẹ̀. Bí orí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná gan-an, ẹ má da omi tútù lé e; ẹ ṣí ìbòrí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn tù ú.

Ìmpẹ́là jẹ́ rọ́bà kékeré tó ní abẹ́ mélòó kan, ó sì ń yí nínú ilé rẹ̀ lókè àpótí jíà. Omi ni ohun tó ń rà á lára. Bí ẹ bá fa ẹ́ńjìnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi dán an wò, kódà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ti jó o. Yanrìn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gba àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn kọjá kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Fún àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ilé ni kí ẹ sì ti ṣe é, lórí aṣọ funfun tí a tẹ́ sílẹ̀. Ẹ tú ibi tí irin jíà ti so, ẹ tú bóòtì tó mú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ẹ fa ẹsẹ̀ náà wálẹ̀ tààrà láì gbọ̀n ọ́n. Ilé ìmpẹ́là ni ẹ ó rí lókè rẹ̀. Bí ẹ bá fa ìmpẹ́là kúrò lórí irin, ẹ ṣọ́ra fún kọ́kọ́rọ́ irin pẹlẹbẹ kékeré tó mú un mọ́ irin náà. Ohun tí aṣọ funfun wà fún nìyẹn. Láìsí kọ́kọ́rọ́ yẹn, irin á máa yí, ìmpẹ́là á dúró. Ẹ ka abẹ́ rọ́bà àtijọ́ náà. Bí ọ̀kan bá já, ẹ wá a rí kí ẹ tó pa á dé, torí ó ti gòkè lọ dí ojú ọ̀nà omi, ẹ́ńjìnì á sì máa gbóná pẹ̀lú ìmpẹ́là tuntun lára. Ẹ fi ọṣẹ olómi ra inú ilé rẹ̀, kí ẹ wá máa yí irin náà sí apá tí aago ń yí sí, bí ẹ bá dúró lókè rẹ̀, bí ẹ ṣe ń tẹ ilé náà bọlẹ̀. Gbogbo abẹ́ á wá sùn sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Ẹ má yí i padà sódì lẹ́yìn náà.

Omi ọ̀sà Èkó kì í dúró lójú kan. Nígbà òjò, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun máa ń ti iyọ̀ padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu Commodore Channel, ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, wọlé jìnnà. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ máa fi omi kànga fọ inú ẹ́ńjìnì lẹ́yìn gbogbo ìrìnàjò. Ìdajì dúrọ́ọ̀mù tó: ẹ gbé ẹ́ńjìnì kọ́ sí pákó tó lágbára, kí omi bo ẹnu ìgbàmi rẹ̀, ẹ fà á, kí jíà wà ní àárín, kó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìparí, ẹ yọ háósì epo kí ó lọ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Èyí á gbẹ kábúrétọ̀. Epo tó bá jókòó sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á fò lọ, á fi ọ́ìlì àti ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú ihò kékeré tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ní ó bàjẹ́ lẹ́yìn ìsinmi, ihò yìí ló dí.

Ọ́ìlì jíà kò pọ̀, nǹkan bí ìdámẹ́rin lítà, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bí síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú àpótí jíà, ṣe wà. Ẹ tú bóòtì ìsàlẹ̀, ẹ tú ti òkè, ẹ gbà á sínú àwo. Bí ó bá dúdú, kò burú. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé. Ní àárín àwọn apẹja, okùn ìwọ̀ àti okùn àwọ̀n ló sábà máa ń fa èyí: okùn á wé sẹ́yìn prọ̀pẹ́là, ooru á yọ́ ọ, á gé síìlì. Ẹ tú prọ̀pẹ́là lóṣooṣù, ẹ yọ okùn tó wà níbẹ̀, ẹ fi gíríìsì ojú omi ra ọ̀pá rẹ̀, ẹ fi pín-ìnnì tuntun, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí náàtì prọ̀pẹ́là tú, sí i. Bí ẹ bá ń da ọ́ìlì tuntun, ihò ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fún un wọlé títí yóò fi jáde lókè. Ẹ dí ti òkè ná, kí ẹ tó yọ ẹnu ike kúrò ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dà á láti òkè á fi afẹ́fẹ́ há inú.

Rọ́bà kan wà nínú prọ̀pẹ́là tó ń gba ìkọlù. Bí ẹ bá kọlu igi gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń fà bọ̀, tàbí òpó àkájà tí omi bò, rọ́bà yìí ló máa ń yọ̀ kí jíà má baà fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń pariwo, ọkọ̀ kò sì ní yára. Ẹ dín ọwọ́ kù gan-an. Ó sábà máa ń gbé yín wálé jẹ́ẹ́jẹ́.

Wàyí o, ohun tó kan ẹni tó dá wà jù. Ẹ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnì mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí itan yín, kí ẹ má so ó mọ́ ẹ̀wù. Bí ẹ bá já sómi láìsí i, ọkọ̀ kò ní lọ tààrà. Ọwọ́ ẹ́ńjìnì á yí fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á máa pòòyì, á sì padà wá sórí ẹni tó wà nínú omi, pẹ̀lú prọ̀pẹ́là rẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì lára, kì í ṣe lábẹ́ ìjókòó. Ẹ so ẹ́ńjìnì náà mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú okùn tó nípọn, torí sùkúrúù ọlọ́wọ́ méjì tó mú un máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́.

Ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Ara yín, kìlógíráàmù 36 ti ẹ́ńjìnì, àti kẹ́ẹ̀gì 25 tó kún, tí epo inú rẹ̀ nìkan wúwo tó 18 sí 19, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn. Iwájú á gbé sókè, ẹ kò ní rí ọ̀nà, atẹ́gùn á sì máa gbá a. Ẹ ra háósì tó gùn, ẹ gbé táǹkì lọ sí iwájú. Ẹ kó yanrìn sínú àpò síwájú bó bá kù. Ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kí ẹ tó lọ sọ́jà: ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà fún ẹ̀yìn tó ga tó ínṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn fún ínṣì 20. Pẹpẹ irin tó wà lókè prọ̀pẹ́là gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ jù ú lọ ní ínṣì kan. Bó bá ga jù, prọ̀pẹ́là á máa mu afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí.

Ohun tí àpò yẹ kó ní kò pọ̀: púlọ́ọ̀gì méjì àti sípánà rẹ̀, súkúrúdíráfà, pílíásì, sípánà tó bá náàtì prọ̀pẹ́là mu, pín-ìnnì rẹ̀ méjì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, àti okùn ìfà pàjáwìrì. Bí okùn inú bá já, ẹ tú ilé rẹ̀ kúrò lórí, ẹ ó rí ibi tí a gé sára àgbá tó ń yí. Ẹ ta okùn yín ní kókó, ẹ fi kókó náà há ibẹ̀, ẹ wé e sí apá tí aago ń yí sí, ẹ já a. Ẹ rí i dájú pé jíà wà ní àárín, torí ohun tó ń dí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ nínú jíà ti kúrò. Kí aṣọ yín má fẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnì bá rì sómi, àsìkò ni ọ̀tá. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́. Bí kò bá yí geere, ẹ dúró: bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó rì, irin písítìnì lè ti tẹ̀. Bó bá yí, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ da ọ́ìlì two-stroke díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì kó tó mọ́. Ẹ́ńjìnì rírì tí ó sun ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé láìfọ̀ ti di irin àlòkù.

Fún tòkunbọ̀, ẹ má wo ọ̀dà ìta. Ọ̀dà kò wọ́n. Ẹ ṣí ìbòrí. Bí ọ̀dà orí sílíńdà bá ti wú tàbí tó ti jó, ẹ́ńjìnì náà ti gbóná jù rí. Ẹ wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà méjèèjì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ tó. Kí ìyàtọ̀ àárín wọn má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹ tú bóòtì ọ́ìlì jíà níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà bí wọ́n bá ti gbé e gbóná kí ẹ tó dé, torí bíbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó tutù, ni ẹ fẹ́ rí. Ní ti àwọn ẹ̀yà tí a ń pààrọ̀, ayédèrú pọ̀, ìmpẹ́là ni wọ́n sì ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù lójú tèmi: rọ́bà rẹ̀ á le, bí ẹ bá tẹ abẹ́ rẹ̀ kò ní tètè padà sípò. Ẹ ra ojúlówó fún ìmpẹ́là, síìlì àti púlọ́ọ̀gì. Ìbòrí òkè lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò yẹ kó ra 15 wà. Ẹni tó fẹ́ kó èrò kò gbọ́dọ̀ wò ó rárá. Ẹni tó ń jáde sí òkun gbangba láti Ayétòrò tàbí Àgbádárìgì nílò agbára ju èyí lọ láti fi kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kò sì yẹ kó dá lọ. Ẹni tó ń rìn jìnnà lójoojúmọ́, tó sì ní ẹni tí yóò máa bá a gbé ẹ́ńjìnì, kó lọ gba four-stroke. Owó epo tó máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ á bo ìyàtọ̀ iye. Fún apẹja tó ń dá dẹ àwọ̀n ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, tàbí ẹni tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé ẹrù ara rẹ̀ láti Mákòkó lọ sọ́jà, tí kò sẹ́ni tí yóò ràn án lọ́wọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, 15 ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni. Bí owó bá kù díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ fi ra ìmpẹ́là kejì kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.